Bí Àwọn Àgbà Ṣe Dájọ́ Pé Ara Mi Kò Tí Ì Yá

Ọmọ bàbá mi ni mí. Mo fẹ́ kí èyí hàn gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lè ṣì í rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni mí. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọbìnrin kékeré ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kí òyìnbó tó bá Ìjẹ̀bú jà, gbogbo ènìyàn ló mọ òfin yìí, láti orí ọba títí dé orí ẹni tó ń ṣẹ́ igi ìdáná tà: bàbá ló ni ọmọ. Ìyá ni yóò lóyún rẹ̀, ìyá ni yóò bí i, ìyá ni yóò fún un lọ́mú, ìyá ni yóò máa pọ̀n ọ́n kiri, ìyá ni yóò sì jókòó tì í nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Bí gbogbo ìyẹn bá ti parí, bàbá á wá ni ín. Òfin tó rọrùn ni. N kò mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo lè búra pé kì í ṣe abiyamọ.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Akaka. Ó ní igi obì, ó ní ọ̀pẹ, ó sì ní ohùn tó dùn ún gbọ́ létí, èyí tó fẹ́ràn ju obì àti ọ̀pẹ lọ. Ọmọ Ofin ní Ṣàgámù ni ìyá mi. Ìjà dé láàrin àwọn méjèèjì nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò. Bàbá mi máa ń sọ ohun tó fà á lọ́nà kan, ìyá mi máa ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ gbà ni pé ewúrẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi di ẹrù rẹ̀, ó pọ̀n mí, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ofin.

Bàbá mi kò dá a dúró. Ó ní ọmọ kékeré ni mí, kí n máa tẹ̀ lé ìyá mi ná, bí mo bá dàgbà, n ó mọ ọ̀nà ilé. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ọmọ tó ṣì ń jẹ ẹ̀kọ tí kò lè gbé igbá omi kò tí ì di ọmọ bàbá tán. Bàbá mi ní sùúrù púpọ̀. Ó fi mí sílẹ̀ kí n máa jẹun ẹlòmíràn títí n ó fi tó ní.

Ní Ofin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni olórí ilé, torí bàbá wọn ti kú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń fún mi lóúnjẹ, ó sì máa ń sọ iye ìgbà tó ti fún mi. Ìgbà gbogbo ló máa ń rán mi létí pé ọmọ ọlọ́mọ ni mí, kí n má baà gbàgbé ara mi láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì jẹ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà.

Ó ní igi obì díẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, tó máa ń ká tà fún àwọn Mùsùlùmí tó ń ra obì ní Ṣàgámù. Ọ̀kan nínú àwọn igi náà ti dàgbà jù, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti ń jẹrà. Nígbà tí àkókò obì dé, ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé wọn kò gbọdọ̀ gun igi yẹn, ó léwu. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn, ó rí mi. Ó ní mo fúyẹ́.

Òótọ́ ni, mo fúyẹ́. Mo gun igi náà dé ibi tí obì wà, mo tilẹ̀ já díẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka náà dá, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró igi, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró mìíràn, n kò sì mọ̀ pé ara mi ni ó ti wá títí mo fi fẹ́ dìde. Ojúgun mi ti kán. Ó tẹ̀ síbi tí ojúgun ènìyàn kì í tẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró lórí mi, ó wò mí títí. Mo rò pé ó ń wá ẹni tí yóò sáré pe oníṣègùn. Ohun tó ń wá ni òfin, ó sì rí i. Ó ní kí wọ́n gbé mi lọ fún bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó dárúkọ bàbá mi láìbú u. Ó ní ẹni tó ni ọmọ ló ni ẹsẹ̀ ọmọ, pé òun kò lè ṣe àfojúdi sí ọlọ́mọ, kí òun máa tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe láìgba àṣẹ.

Ìyá mi wà ní ọjà Ìkẹnnẹ́ ní ọjọ́ náà. Kí ó tó dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú ilé ti so aṣọ mọ́ ọ̀pá ọparun, wọ́n gbé mi sínú rẹ̀, a sì ti kọjá ẹnu odi. Ìrìn Ṣàgámù sí Akaka kì í ṣe ìrìn kékeré fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Èmi kò rìn, wọ́n gbé mi ni, nítorí náà n kò ní ẹjọ́ láti rò. Gbogbo gbòǹgbò igi tó wà lójú ọ̀nà ni wọ́n kọsẹ̀ lára rẹ̀, mo sì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú igbe.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Bàbá mi jáde, ó fi ọwọ́ gbá aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo inú ibi tí mo wà. Ojú rẹ̀ bàjẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, ó ní kí n ṣe ọkàn akin, ó sì ní kí wọ́n mú iṣu sísun wá fún mi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tó gbé mi.

“Nígbà tí ọmọ yìí kúrò níbí, kò sí ohun tó ṣe é,” ni ó wí. “Ẹ padà lọ sọ fún ẹni tó rán yín pé bí mo ṣe fi ọmọ fún wọn ni kí wọ́n ṣe dá a padà fún mi. Ọmọ tó sunwọ̀n ni mo fún wọn.”

Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn ará ilé tó wà níbẹ̀ mi orí. Èmi náà, nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ mi sí, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Bí ẹsẹ̀ mi kò bá dun mí tó bẹ́ẹ̀, bóyá n bá ti mi orí pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún gbé mi, a tún dojú kọ Ṣàgámù.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí. Èjìká wọn ti bó. Nígbà tí a dé ẹ̀bá Ìlíṣàn, wọ́n sọ mí kalẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láàrin ara wọn pé bí a bá dé Ofin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò tún ní kí wọ́n dá mi padà. Ọ̀kan nínú wọn wá rántí pé ìyá kan wà nítòsí ibẹ̀ tó máa ń to eegun. Wọ́n gbé mi dé iwájú ilé rẹ̀, wọ́n ròyìn ìrìn wa fún un, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́ bá wọn wo ẹsẹ̀ mi, pé àwọn ń lọ pe ẹni tó ni mí wá. Ìyá náà béèrè ẹni tó ni mí. Ọ̀kan ní bàbá mi ni. Èkejì ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n jọ bá ọ̀nà lọ.

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé ìyá yìí rí mi, àánú sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbá mi mọ́ra, kí ó má retí mọ́. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi bí ọwọ́ ọkùnrin. Kò fẹ́ràn ariwo, kò fẹ́ràn ọmọdé, ó sì máa ń fi ẹja gbígbẹ rẹ̀ pamọ́ síbi tí ojú àlejò kò lè tó. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ń ṣòwò ní Ìkòròdú, èmi sì rò pé mo mọ ìdí tí wọn kì í fi í tètè wálé. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ṣe họ̀ọ́, ó ní ta ni òmùgọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ báyìí rìn láti Ṣàgámù dé Akaka, tó tún gbé e padà. Mo ní àwọn ẹbí mi ni. Ó ní ó yé òun.

Ó fa ẹsẹ̀ náà títí ojú mi fi ṣókùnkùn, ó fi ọwọ́ tẹ eegun sípò, ó fi òrí pa á, ó sì fi ọparun tí wọ́n là tí wọ́n hun bí ẹní kékeré dì í yíká. Lẹ́yìn náà ó mú adìyẹ kan, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó sì tọ́jú ẹsẹ̀ adìyẹ náà bó ṣe tọ́jú tèmi. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, aláìsàn náà ti fẹ́ rìn. Nígbà tó bá sì tó àkókò tí aláìsàn yóò lọ sílé, ẹni tó ni ín yóò wá, oníṣègùn yóò fi aláìsàn lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú adìyẹ. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ọwọ́ oníṣègùn ló wà. Adìyẹ náà àti èmi jọ dùbúlẹ̀ sí igun ilé kan náà. Mo ṣe ìlara rẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí ẹni tó ni adìyẹ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ wá. Ó ti rìn dé Akaka, wọ́n ní wọ́n ti gbé mi padà. Ó ti ń bọ̀, ó ń béèrè lójú ọ̀nà bóyá wọ́n rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nígbà tó rí mi, ó sáré wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìka ẹsẹ̀ mi tó sunwọ̀n mú, kò sì fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń yà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ebìrìpò, kókò rínrin tí wọ́n sè nínú ewé. Òfin kò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan lórí mi, òun sì ni ó ń wá. Àwọn tí òfin fún ní ẹ̀tọ́ wà nílé, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀tọ́ wọn kó má baà sọnù.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó gbàgbé mi o. Bí ará Akaka kan bá ń kọjá lọ sí ọjà, bàbá mi á ní kí ó kí mi, kí ó sì sọ fún mi pé kí n máa gbọ́ràn. Mo gbọ́ràn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe, nígbà tí ẹsẹ̀ mi wà nínú ọparun?

Adìyẹ rìn, èmi náà rìn. Ẹsẹ̀ mi gún régé. Ìyá mi fẹ́ mú mi padà sí Ofin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bí mo bá tún ṣubú ńkọ́, tí ọlọ́mọ tún wá ń bi òun? Ìyá mi ronú láti mú mi lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi lè sọ pé ó jí òun lọ́mọ gbé, òfin yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Akaka kò ránṣẹ́. Nítorí náà mo dúró síbi tí wọ́n sọ mí kalẹ̀ sí. Oníṣègùn náà kò ní kí n dúró, kò sì ní kí n lọ. Ó kàn fún mi ní ìgbálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Báyìí ni mo ṣe mọ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ń pọn omi, mo ń la ọparun, mo ń yọ́ òrí lórí iná. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń di èjìká aláìsàn mú nígbà tí ó bá ń fa apá wọn. Nígbà tó yá, ó máa ń di ọwọ́ mi mú, á gbé e lé ibi tí ó kán, á ní kí n sọ ohun tí mo rí. Bí mo bá ṣì í, ó máa ń gbá mi lórí. Bí mo bá gbà á, kì í sọ nǹkan kan. Mo dàgbà débi tí kì í fi í sọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá wà bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti oníṣòwò obì kan láti Ṣàgámù tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, tó wá sọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó rí jájẹ ni, ó mọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní ìyàwó púpọ̀, tí ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà jù mí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tètè san. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó sọ fún ìyá náà pé òun fẹ́ fi mí ṣe aya. Ìyá náà ní òun kọ́ ló ni mí. Oníṣòwò náà béèrè ẹni tó ni mí.

“Kéde rẹ̀ pé o fẹ́ gbé e níyàwó,” ni ìyá náà wí. “Wọn yóò fara hàn.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e kò tí ì pé tí bàbá mi fi dé, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, nínú aṣọ tí wọn kì í wọ̀ lọ sóko. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi,” omi sì lé sí i lójú. N kò rò pé ó ń ṣe àṣehàn. Bàbá mi jẹ́ ẹni tí ohùn ara rẹ̀ máa ń pa lẹ́kún.

A kò tí ì gbé omi fún wọn mu tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọlé láti Ofin. Ó ní ọmọ àwọn ni mí, pé inú ilé àwọn ni mo ti jẹun láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi. Bàbá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ní kí ọmọ gun igi jíjẹrà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé ta ló dá ọmọ padà láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán. Àwọn ìbéèrè tó dára ni, mo ti fẹ́ kí ẹnìkan béèrè wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan wà nínú ilé tí itan rẹ̀ kán, ariwo sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oníṣègùn náà mú ìgbálẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ wọn jáde.

Wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò ní Ofin. Iwájú ilé àgbà tó dàgbà jù láàrin wọn ni wọ́n jókòó sí. Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n pé lé lórí, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, ta ní ń bi ilẹ̀ léèrè?

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa orírun, ó sọ bí igi ṣe ń jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sábẹ́ ìbòji rẹ̀. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ń nu ojú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ó rántí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pe oníṣègùn.

Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe kankan. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Ẹsẹ̀ wo ló kán?”

Bàbá mi wò mí. Mo jókòó, ìró mi sì bò mí dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ òsì.”

Ó bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Ọ̀tún ni.” Ọ̀tún ni lóòótọ́. Mo mọ̀ dájúdájú pé kò rántí. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò lè gbà fún bàbá mi lórí ohunkóhun, ó ṣèèṣì sọ òtítọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó tún aṣọ rẹ̀ wọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín bàbá mi díẹ̀, bàbá mi sì wolẹ̀. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí, pé wọn yóò lé e lọ.

Mo kéré nínú òfin. Àgbà náà ní bí ẹni kò bá tilẹ̀ mọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́, ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá ló ni ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá kò lè ni ọmọ, oúnjẹ kì í sì í sọ ẹni di bàbá. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi dìde, ó na ọwọ́ sí mi pé ó yá. Ìyá mi di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Níbo lẹ ń mú un lọ?” ni oníṣègùn náà bi bàbá mi.

“Ilé ni. Àwọn àgbà ti dájọ́.”

“Wọ́n dájọ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n aláìsàn mi ni, n kò sì tí ì fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.”

Bàbá mi ní kò sí ohun tó ṣe mí, pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn láti Ìlíṣàn wá, mo sì ru ẹrù. Oníṣègùn náà ní ta ni yóò sọ pé eegun ti san, ṣé ẹni tó tò ó ni, àbí ẹni tó wá a sí ẹsẹ̀ òsì?

Wọ́n rẹ́rìn-ín ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbà fi orí kan orí. Ó yẹ kí n sọ pé àgbà tó dàgbà jù nínú wọn ti fi ìgbà kan dùbúlẹ̀ sí ilé wa ní Ìlíṣàn nígbà tí ìgbáròkó rẹ̀ yẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ti dàgbà lè tún ṣubú nígbàkigbà. Ẹni tí yóò tún padà sábẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í bá a ṣe ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, ìdájọ́ ti dé. Wọ́n ní bàbá mi ló ni mí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jiyàn mọ́. Wọ́n ní a kì í gba aláìsàn lọ́wọ́ oníṣègùn títí oníṣègùn yóò fi sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n sì ní níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé bàbá ló ni aláìsàn, bàbá ni yóò máa gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti fi gbogbo àárọ̀ sọ pé ọmọ àwọn ni mí, kí ó máa fi igi ìdáná ránṣẹ́.

N kò tí ì rí ìgbà tí inú ẹni tó jàre bàjẹ́ tó ti bàbá mi lọ́jọ́ náà.

Oníṣòwò obì gbọ́ pé àwọn àgbà ti dájọ́ pé ara mi kò yá. Ó ní òun ti ní ìyàwó tí ara wọn kò yá púpọ̀ nílé, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́. Èmi aláìsàn gbé igbá òrí rù, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìlíṣàn.

Ìyá mi sìn mí dé ẹ̀yìn ìlú. Mo ní wọ́n ti sọ gbogbo ohun tó kan gbogbo ènìyàn, wọ́n tilẹ̀ sọ ti igi ìdáná, wọn kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Wọn kò dárúkọ mi,” ni ó wí, “ìyẹn ni pé wọn kò ní kí n má wá.”

Ó sì ń wá.

Igi ìdáná Ofin dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tutù. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbé iṣu wá. Ó kọ́kọ́ ń gbé e wá pẹ̀lú ìbínú, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ òkúta, á sì lọ. Ọ̀nà náà jìn, oòrùn sì mú. Nígbà tó yá, ó máa ń jókòó mu omi. Ẹni tó bá jókòó mu omi yóò sọ̀rọ̀, pàápàá bàbá mi. Ó ń sọ fún mi nípa oko, nípa ọ̀pẹ tí àrá sán pa, nípa ìyá rẹ̀ tí mo fi ojú jọ. Ìgbà mìíràn kì í wá fún ìgbà pípẹ́, bó bá wá, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo máa ń bá a fi òrí pa á. Ní ọjọ́ kan bí mo ti ń pa á, ó ń wo ìsàlẹ̀ ìró mi.

“Ọ̀tún ni, àbí?” ni ó wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ká ìró mi díẹ̀, mo fi ibi tí eegun ti so pọ̀ hàn án. Ó fi ìka kàn án. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dìde, ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ rí.

Mo ṣàìsàn lọ báyìí. N kò rò pé aláìsàn kan wà ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ tó mi. Mo ń to eegun, mo ń lọ sọ́jà, mo ń gun orí òkè lọ gé ọparun, bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, oníṣègùn náà á ní ara ọmọ náà kò tí ì yá. Ọkùnrin kan láti Ìkẹnnẹ́ wá gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, agbẹ́dó ni, ó máa ń gbẹ́ odó àti ọmọ odó tà. Kò fi ọ̀pá gbé ìyá rẹ̀, kò sì sanwó fún ẹni tí yóò gbé e. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n wá. Ó ń wá wò ó, ó ń bu omi fún un, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bí ó ṣe lè máa gbé e dìde tí kò ní dùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ara mi ń yá.

Mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi lọ sí Ìkẹnnẹ́, ó béèrè ohun tí ìyá ń béèrè, ó padà wá, ó ní ó dára. Mo wá sọ fún oníṣègùn náà. Ó ń la ọparun lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè.

“Ọjọ́ wo lo fẹ́ yá?” ni ó wí.

Mo ní lẹ́yìn ìgbà iṣu tuntun. Ó ní kò burú.

Bàbá mi ló fi mí fún ọkọ, gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó wá sí Ìlíṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n dá, oníṣègùn náà fi mí lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú adìyẹ kan. Ti àkọ́kọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń súre fún mi ní Akaka, bàbá mi dìde, ó sì sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe láti tọ́ mi dàgbà. Mo tẹ orí ba, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Láàrin àwọn obìnrin, ikọ́ mú ìyá mi. Oníṣègùn náà kò sí níbẹ̀. Ó ní aláìsàn wà nílé.

A kò pẹ́ ní Ìkẹnnẹ́ púpọ̀ tí ogun òyìnbó fi dé Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé òfin tuntun ń bọ̀, pé ohun gbogbo yóò yí padà. Mo ti bímọ méjì nígbà náà. Ọkùnrin kan tó mọ̀wé tó ń ti Èkó bọ̀ yà sọ́dọ̀ wa nítorí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo sì lo àǹfààní náà láti bi í léèrè pé nínú òfin òyìnbó, ta ló ni ọmọ. Ó ronú, ó ní bàbá ni. Mo dì í lọ́wọ́ le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ sí Akaka, mo ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe, mo sì sunkún rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ìyá mi kò ní ibi tó tún ń lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kún fún ìyàwó àwọn ọmọ. Mo ní kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó dé pẹ̀lú ẹrù kékeré kan lórí, ó ní òun kò ní pẹ́. Kò sí àgbà kan tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi gbẹ́ àpótí ìjókòó kan fún un sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, ọmọ mi kékeré á máa sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, òun á sì máa sọ fún mi láti ìta pé iyọ̀ tí mo ń fi sí ìkọ́kọrẹ́ ti pọ̀ jù.